Bí Orin Àjíkẹ́ Ṣe Dé Ẹnu Verna

Abẹ́ ilé ni mo kọ́kọ́ gbé ní Amẹ́ríkà. Ẹ má sọ ọ́ di òwe. Abẹ́ ilé gan-an ni mo wí, ní Cheverly, yàrá kan tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kò tóbi ju ìwé ìdánwò lọ, tó fi jẹ́ pé bàtà àwọn aládùúgbò ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Bésímẹ́ǹtì ni àwọn tiwa níbí ń pè é. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó mi lórí fóònù, ó ní, "Dádì Mọyọ̀, ṣé wọ́n ti sin yín ni?" Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mọyọ̀ ọmọ wa gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní, "Dádì, ṣé òrùlé yín kì í jò?" Mo ní kì í jò, orin nìkan ló ń jò sí mi lórí.

Òótọ́ ni mo sọ. Ẹni tó ni ilé náà, tó ń gbé lókè, olórin ni. Obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Verna lorúkọ rẹ̀. Gìtá ló fi ń kọrin, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣe orin náà, ọ̀rọ̀ àti ohùn. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ihò kan wà ní àjà yàrá mi tí ooru ẹ̀rọ ń gbà wọlé nígbà òtútù, ihò náà ló ń gbé ohùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá bá mi. Ohun tí mi ò rò ni pé ihò tó bá ń gbé ohùn sọ̀kalẹ̀ yóò máa gbé ohùn gòkè pẹ̀lú.

Ìjà àkọ́kọ́ tí èmi àti Verna jà, orí orúkọ ni. Ó ní kí n máa pe òun ní Verna. Báwo ni èmi, ọmọ tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́, tí mo ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún lóòótọ́ ṣùgbọ́n tí ìyá mi ṣì lè ti ọ̀run na ọwọ́ gbá mi létí, báwo ni n ó ṣe máa la ẹnu pe àgbà lórúkọ? Mo pè é ní Mọ́mì Verna.

Ó wò mí. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo bí ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Má pè mí ní mà. Èmi kì í ṣe ọlọ́pàá."

"Ó dáa, mà."

Ó mi orí, ó wọlé. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ o, èmi ni mo ń kọ ọ́ báyìí kí ẹ lè bá mi dá sí i. Nígbà tó ṣe, ó gba Mọ́mì Verna mọ́ra, bí èèyàn ṣe ń gba eyín tó ń mì mọ́ra.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbí kì í ṣe òtútù. Òtútù, wọ́n ti sọ fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mi ò ní rí èèyàn nílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo rí ni ìtọ́jú bàbá arúgbó kan ní Mitchellville, ní àárín àwọn ilé tó tóbi bíi sẹkitéríátì ìjọba ìbílẹ̀, tí koríko iwájú wọn mọ́ ju orí mi tí mo fá lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Mi ò pàdé ẹyọ ènìyàn kan. Mọ́tò ń kọjá, ajá ń wò mí látinú gíláàsì. Mo kí ajá kan. Kò dáhùn.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìwé àti lítíréṣọ̀ nílé, iwájú pátákó ni mo sì ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ báàfù. Bàbá tó bí mi, títí ó fi kú, mi ò rí ìhòhò rẹ̀. Bàbá oníbàbá wá nìyí, ojoojúmọ́ ni mo ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń pè mí ní "ìwọ". Ìwọ, omi yìí gbóná. Ìwọ, bọ́tìnì. Ó tó oṣù méjì kó tó di ọjọ́ kan tí mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ó béèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní ilẹ̀ wa. Mo sọ fún un. Ó ronú, ó ní, "Tíṣà, ẹsẹ̀ òsì lo fi sọ́tùn-ún." Mo tọrọ gáfárà, mo tún un wọ̀, mo jáde lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ garéèjì, mo sunkún bí ọmọdé. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń sọ ìtàn yẹn lórí fóònù. Ìyàwó mi ní, "Tíṣà kẹ̀? Ẹ ti di tíṣà ìbọ̀sẹ̀ nìyẹn."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Mọyọ̀ bi mí ìgbà tí n ó wá sílé. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba nígbà náà. Bí mo bá jáde ní ìlú yìí kí wọ́n tó fún mi, mi ò ní lè wọlé mọ́, oògùn rẹ̀ tí mo ń fi ránṣẹ́ láti ibí yóò sì dópin.

Àbí mi ò tíì sọ ọ́? Ó nira fún mi láti sọ ni. Ẹ̀jẹ̀ èmi àti ìyá rẹ̀ kò bára mu, a kò mọ̀, orí Mọyọ̀ ló já sí. Àrùn tí ń jẹ egungun ọmọ, tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Bó bá dé, kò sí ibi tí a lè fọwọ́ kàn lára ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí mo ṣe orin kan fún un lórí àga gbọọrọ ilé ìwòsàn ní Ọ̀yọ́, nítorí pé mi ò lè gbé e mọ́ra, ohùn mi nìkan ni mo lè fi gbé e.

*Àjíkẹ́, egungun kì í ṣe igi,*
*kò ní dá.*
*Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe odò,*
*kò ní gbẹ.*
*Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, Àjíkẹ́,*
*fi orí tì mí.*

Àjíkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Orin náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń sùn lórí rẹ̀. Nígbà tí mo kúrò nílé, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, a sì jọ ṣe àdéhùn pé bí egungun bá dé, kó pè mí, mi ò ní wí pé iṣẹ́ ni mo wà. Mo ti kọ ọ́ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bàbá Mitchellville. Mo ti kọ ọ́ ní ibùdókọ̀ nínú yìnyín. Gbogbo ohun tí mo jẹ́ sí ọmọ náà kù sí ìlà mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Verna, nítorí ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ rẹ̀.

Ní Sátidé, tábìlì ìjẹun rẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀. Àwo orin rẹ̀ yóò wà nínú páálí lápá kan, àpò ìwé lápá kejì, sítáǹbù nínú abọ́ ṣúgà. Ẹni tó bá ra àwo lórí ẹ̀rọ ayélujára, Verna fúnra rẹ̀ ni yóò dì í, yóò fi kálámù kọ orúkọ ẹni náà, yóò sì fi ọ̀rọ̀ ìkíni kan sí i. Mo máa ń bá a dì í. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọge, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ránṣẹ́ pe òun. Wọ́n fẹ́ràn ohùn òun, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí gbogbo orin òun di tiwọn títí ayé. Ó dìde níwájú wọn, ó gbé gìtá rẹ̀, ó lọ gba iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó ń kó ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀, ó ń kọrin lópin ọ̀sẹ̀, nínú láíbìrì, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú páálọ̀ àwọn èèyàn, níbi tí ènìyàn mẹ́rìndínlógún yóò ti jókòó sórí àga ìjẹun, tí wọn yóò máa tẹ́tí bí ẹni tí wọ́n ń ka ìwé ìpíngún fún. Àwo mẹ́fà ló ti ṣe. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ló ti ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, láàárín àwọn ẹ̀wù òtútù, nítorí aṣọ ń gbé ariwo mì. Sí ẹ̀yìn àwo kọ̀ọ̀kan, ó kọ ẹni tó ni nǹkan kọ̀ọ̀kan. Ohùn kan wà tó kọ́ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ti kú tipẹ́, ó kọ orúkọ àǹtí náà síbẹ̀.

Mo ní, "Mọ́mì Verna, ẹ̀yin nìkan lolórin tí mo mọ̀ tó ń fi ahọ́n ara rẹ̀ lẹ sítáǹbù."

Ó ní, "Ìwọ náà nìkan ni tíṣà tí mo mọ̀ tí kò lè ká bébà kó gún. Wo ohun tí o ṣe sí ti obìnrin yìí."

Àwọn tó ń rà á kò pọ̀. Mo mọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn. Tí Verna bá gbé ìgò awò rẹ̀ kúrò lójú, tó ń wo páálí tó kù ní igun ilé, mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń wá sísọ́ọ̀sì.

Sátidé kan, egungun mú Mọyọ̀. Mo kọrin fún un títí ó fi sùn. Mo pa fóònù, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀, kò pa. Mo ń fọ àwo, mo ń kọ ọ́ lọ. Kò pẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ Verna wọlé láti òkè: "Orin tí ò ń kọ yẹn wọ̀ mí lára. Ta ló ni ín?"

Ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ nílé, mo fẹ́ bi yín. Bí ẹnìkan bá yin aṣọ yín, kí lẹ máa ń sọ? Tiyín ni. Bó bá yin mọ́tò yín ńkọ́? Tiyín ni. Bó bá yin ọmọ, ẹ ó ní ọmọ yín ni. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò tíì rí ẹni tó torí ìyẹn bọ́ aṣọ lọ́rùn onílé kó sì gbé e lọ. Ìka mi kò dúró rò ó. Mo tẹ̀ ẹ́ padà: "Tiyín ni, mà."

Ó tún béèrè ní kíṣíìnì. "Tèmi? Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Kí ni mo ní tí kì í ṣe tiyín?"

Ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó béèrè ẹni tí Àjíkẹ́ ń jẹ́. Ibí ni mo ti ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kí n má fi ti àṣà bò ó. Mo ní orúkọ ìkẹ́ ni, pé obìnrin èyíkéyìí ló lè jẹ́ ẹ. Mi ò sọ egungun ẹni tó jẹ́. Mi ò sọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́. Àìsàn ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń gbé sórí àtẹ, a kò sọ ọ́ fún ará ilé ìyàwó mi pàápàá. Nígbà tí àwo tuntun fẹ́ jáde, Verna tún béèrè lẹ́ẹ̀kẹta bóyá kí òun kọ orúkọ mi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ro ìwé mi tó wà lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ̀rù orúkọ ń bà mí. Mo ní, "Kí lorúkọ tèmi ń wá níbẹ̀?"

Inú mi dùn o. Mi ò ní purọ́. Nígbà tí mo gbọ́ ọ láti ihò àjà, pẹ̀lú gìtá, ìlà mẹ́ta ní Gẹ̀ẹ́sì, ìlà mẹ́ta ní Yorùbá tó ń tàsé bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, mo dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, mo ń rẹ́rìn-ín sí àjà.

Orin náà gbéra. Mi ò mọ bó ṣe ṣe é. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò kan kọ́kọ́ lù ú, lẹ́yìn náà àwọn ìyá ọlọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rẹ ọmọ wọn nínú fídíò. Fóònù Verna kò sinmi mọ́. Àpò ìwé tán nílé, a lọ ra òmíràn. Àwọn tó ń ṣètò àjọ̀dún orin kan fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní kó wá kọrin lórí pèpéle ńlá. Mo bá a ní kíṣíìnì, ó ń dá jó níwájú fíríìjì, bàtà ilé ló wọ̀. Ó ní, "Tíṣà, gbogbo ọjọ́ ayé mi, èmi ni mo ń pe àwọn èèyàn. Wọ́n ti ń pè mí báyìí."

Èmi àti Bọ̀dá Ràsákì, tó ń wa mọ́tò akérò, tí a jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí ní Laurel, la jọ dúró níbi tí wọ́n ti ń ṣe táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Route 1 nígbà tí orin náà dún nínú fóònù ọmọbìnrin kan. Bọ̀dá Ràsákì gbé etí sókè. "Yorùbá rèé o."

Mo ní, "Èmi ni mo ṣe é."

"Èmi náà ni mo ṣe Kùránì."

"Bọ̀dá mi, mo fi Ọlọ́run búra."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wo bàtà mi. "Bí ìwọ lo ṣe é, kí lò ń ṣe nídìí táyà àlòkù?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyàwó mi pè, ohùn rẹ̀ kò ní eré. Ó ní Mọyọ̀ kò lọ sílé-ìwé láti ọjọ́ Ajé. Orin ti dé Ọ̀yọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti rí i lórí fóònù, ọ̀kan nínú wọn mọ̀ pé Àjíkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Wọ́n to ìgbà tó ń pa ilé-ìwé jẹ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ orin. Wọ́n ń kọ ọ́ tẹ̀lé e lọ sílé: egungun kì í ṣe igi. Ohun tí a fi ọdún mẹ́tàlá bò, tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ń fi omi inú ìgò àti súwẹ́tà bò, èmi ni mo gbé e jáde.

Mo ní kó gbé fóònù fún un.

"Ẹ káàsán, sà," ni Mọyọ̀ wí. Kò pè mí ní sà rí.

"Àjíkẹ́ mi."

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ ti fún wọn."

"Mi ò fún wọn. Mo kàn..."

"Dádì, ṣé ẹ sọ fún obìnrin yẹn pé tiẹ̀ ni?"

Ẹ̀yin òbí, ọmọ kan lè bi yín ní ìbéèrè tí gbogbo ìwé tí ẹ ti kà kò ní ìdáhùn rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó gbé fóònù fún ìyá rẹ̀.

Àwọn tó ń gbé òkèèrè máa ń sọ pé àwọn kò ní ilé níbí, àwọn kò ní ilé níbẹ̀. Èmi kò gbà tẹ́lẹ̀, mo ní àsọdùn ni, ilé mi wà ní Ọ̀yọ́, mo mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àfìgbà tí ọmọ mi ń pè mí ní sà. Ilé kì í ṣe bíríkì, orúkọ tí wọ́n ń pè yín nígbà tí ẹ bá wọlé ni. Wọ́n ti pààrọ̀ tèmi nígbà tí mi ò sí níbẹ̀, èmi ni mo sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

Bọ̀dá Ràsákì ní kí n wá lọ́yà. "Ní ìlú yìí, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, lọ́yà ló ń bá ẹ kígbe." Mo ní kí n pe ẹni tí mo fún ní nǹkan lẹ́jọ́ pé ó gbà á? Ó ní, "Ṣé àwọn yòókù ń ṣe ju ìyẹn lọ ni?"

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gòkè. Verna wà nídìí tábìlì, páálí yí i ká, ó ń fi ìka ọwọ́ ọ̀tún pa ti òsì, nítorí oríkèé ìka ti ń dùn ún. Mi ò mọ bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀, mo ṣe ohun tí ara mi mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ kíṣíìnì, àyà kanlẹ̀.

Àga ṣubú. Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kan, Verna ti wà lórí orúnkún, ó ń wá ọ̀nà ọrùn mi bóyá iṣan ń lù, ó ti ń fa fóònù láti pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

"Mi ò ṣubú, mà. Mo ń bẹ̀ yín ni."

"Ẹ̀bẹ̀ wo lèyí? Dìde."

Mi ò dìde. Láti ilẹ̀ yẹn ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀: Mọyọ̀, egungun, ẹ̀jẹ̀, àga gbọọrọ, ilé-ìwé. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ti jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi ẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni."

"Mo tún bi ẹ́ ẹni tí Àjíkẹ́ í ṣe." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Mo sá fún àwọn tó fẹ́ gba orin mi, mo fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì. O wá sọ mí di ẹni tó gba ti ọmọ aláìsàn."

Mo fi iwájú orí kan ilẹ̀.

Ó dìde, ó di tábìlì mú. Ó ṣí kọ̀ǹpútà. Ó ní tó bá jẹ́ pé òun gba àdéhùn ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn nígbà náà ni, òun kò ní lè ṣe ohun tí òun fẹ́ ṣe yìí. Ó ní, "Èmi ni ọ̀gá, èmi ni akọ̀wé, èmi ni mo ń gbálẹ̀. Kò sẹ́ni tí n ó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀." Ó tẹ nǹkan mélòó kan. Kò gbà ju ìgbà tí omi fi ń hó lọ. Ó yọ orin náà kúrò ní gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ó tẹ àwọn alájọ̀dún láago níṣojú mi, ó ní òun yóò kọ orin mìíràn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò pè é padà. Wọn kò pè.

Verna kò lé mi jáde. Bó bá lé mi ni, ì bá dáa. Ihò àjà dákẹ́. Ooru ń gba ibẹ̀ wọlé, kò sí gìtá, kò sí ikọ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohùn obìnrin yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Mo ń lọ sí Mitchellville, mo ń wẹ bàbá, mo ń padà. Ní Sátidé, mo gòkè lọ bóyá àpò ìwé wà láti dì. Ó ní, "Kò sí." Mo ní ó dáa. Mi ò fi mà sí i, mi ò mọ ìdí.

Mo pe Mọyọ̀, mo ní wọ́n ti yọ ọ́. Ó ní òun ti rí i. Ó ti padà sílé-ìwé, ẹnu ọmọ kì í pẹ́ lórí nǹkan kan, wọ́n ti ń fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ṣe bí ẹni tó ń ṣàwàdà, mo bẹ̀rẹ̀, "Àjíkẹ́, egungun..." Ó ní, "Mo ní iṣẹ́ àmúrelé, Dádì." Dádì ti padà, orin kò padà. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, bàtà wà ní ẹsẹ̀ mi. Ìyàwó mi ló pè. Mo gbọ́ Mọyọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti gbọ́ igbe yẹn rí kò nílò àlàyé. Ó ní àyà ló mú un lọ́tẹ̀ yìí, pé wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́, kò tíì ràn án, pé dókítà ní kó gbìyànjú láti fọkàn balẹ̀ kó lè mí. "Ó ní kí n pè yín."

Ẹ ò rí bí ayọ̀ ṣe lè burú tó. Ọmọ mi ń jẹ̀rora, inú mi dùn pé ó ní kí wọ́n pè mí. Mo jókòó sílẹ̀, mo la ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì dé ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe odò.

"Dádì, ẹ dúró."

Mo dúró.

Ó ń wá èémí láàárín ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Ẹ máa ń sunkún nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Bí ẹ bá ń kọ ọ́, ó máa ń dà bíi pé mo ti kú."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

"Ti obìnrin yẹn kì í sunkún. Mo ti wá a, ẹ ti ní kó yọ ọ́. Ẹ ní kó kọ ọ́ fún mi."

Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá ló wà láti yàrá mi dé kíṣíìnì Verna. Mi ò rántí ọ̀kan nínú wọn. Ó wà nídìí síǹkì, ó ń bó ọ̀dùnkún, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi. Mo ní, "Mọ́mì Verna, ọmọ mi ni. Ó ní kí ẹ kọ ọ́." Mo rò pé yóò bi mí léèrè nǹkan. Ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun púpọ̀. Ó ju ọ̀bẹ sí inú omi, ó nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀. Ó fi ojú wá gìtá, ó rí i pé ó jìnnà, ó fi í sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù, kò fẹ́ fọwọ́ kan fóònù. Èmi ni mo gbé e sí i lẹ́nu.

Ó kọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì tí ọmọ kún inú rẹ̀. Nígbà tó dé Àjíkẹ́ kejì, ohùn kékeré kan jáde látinú fóònù ní Gẹ̀ẹ́sì, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ gbé 'kẹ́' sókè."

Verna ní, "Bíi báyìí?"

"Ó kù díẹ̀."

Ó tún un kọ. Ó tún un kọ. Ìgbà tí mi ò mọye rẹ̀ mọ́, ìyàwó mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "Ó ń mí dáadáa. Ó fẹ́ máa sùn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má tíì dákẹ́."

Mo fi ọwọ́ júwe fún Verna pé kó máa bá a lọ. Ó mi orí, kò já ohùn. Apá mi ti ń ro mí láti èjìká wá, mo pààrọ̀ ọwọ́, mo sì tún gbé fóònù súnmọ́ ẹnu rẹ̀.